Ta Ló Yẹ Kó Sanwó fún Ta Nídìí Iṣẹ́ Òṣèré?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í sọ, àmọ́ ó tún ti dé. Ọmọ àbúrò ìyá mi kan, ọmọ ọdún 19 tó lè sín gbogbo ará ilé jẹ títí ẹ̀rín á fi pa wá, já wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àwọn kan tó ní àwọn ń sọ èèyàn di òṣèré. "Àǹtí mi, wọ́n ti mú mi o! Owó ìforúkọsílẹ̀ nìkan ló kù."

Mo gba fọ́ọ̀mù náà wò. Ojú ìwé kìíní béèrè orúkọ, ọjọ́ orí àti bó ṣe ga tó. Ojú ìwé kejì kò béèrè ohunkóhun. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n tò síbẹ̀, Fàdákà, Wúrà àti Dáyámọ́ǹdì, àti iye tí èèyàn máa san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá san ti Fàdákà á gba káàdì. Ẹni tó bá san ti Dáyámọ́ǹdì, wọ́n ní ipa tó ní ọ̀rọ̀ sísọ nínú ti dájú fún un. Mo wá ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá ọmọ yìí ti ṣeré lójú ẹnikẹ́ni rí, n kò rí i. Nọ́ńbà àkáǹtì wọn ló hàn gàdàgbà jù lórí gbogbo ìwé náà.

Ìgbàgbọ́ tó gbé e débẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀: pé ọmọ tálákà kò lè di òṣèré àyàfi tó bá kọ́kọ́ rí owó gbé kalẹ̀, pé owó yẹn ni ilẹ̀kùn, pé ẹni tí kò san kò tíì ṣe tán. Wọ́n á ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Wọ́n á ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àwọn tó ń gba owó náà gan-an ló sì mọ òwe wọ̀nyí pa jù.

Mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí pé gbájúẹ̀ wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ta ni kò mọ̀? Ọmọ yìí náà mọ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n gbowó lọ́wọ́ ẹ̀, tí nọ́ńbà wọn ò lọ mọ́ nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó mọ̀ yìí náà ló tún ń wá owó kiri. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, ibi tí mo sì já sí ni pé ohun kan péré ni ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún un: ọ̀nà tí owó ń gbà rìn nídìí eré, láti ọwọ́ ta bọ́ sí ọwọ́ ta.

Ẹ jẹ́ kí n jókòó ti èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà.

Gbogbo ẹni tó bá ti dúró sáàárín òṣèré àti fíìmù ni àwọn èèyàn ń pè ní "ejẹ́ǹtì". Bẹ́ẹ̀, wọn kì í ṣe ẹnì kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń yan òṣèré. Ẹni tó ń náwó sí fíìmù ló gbà á síṣẹ́, òun náà ló sì ń sanwó fún un. Á ka ìwé eré, á wá ojú àti ohùn tó bá ẹ̀dá inú eré kọ̀ọ̀kan mu, á pè wọ́n sí ọ́díṣọ̀n, ìyẹn ìdánwò eré ṣíṣe, á sì kó àwọn tó dáa jù síwájú olùdarí. Òun kọ́ ló máa ń sọ̀rọ̀ àsọkágbá. Olùdarí àti ẹni tó ni owó ló ń sọ ọ́. Ṣé ẹ rí i báyìí pé ẹni tó bá ní òun á ta ipa fún yín, ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ ló ń tà? Bó bá sì kó ẹni tí kò mọ eré í ṣe síwájú ọ̀gá nítorí pé onítọ̀hún sanwó, òun ni ojú máa tì, wọn ò sì ní pè é síṣẹ́ mìíràn.

Ẹnì kejì ni aṣojú òṣèré, ẹni tí orúkọ ejẹ́ǹtì tọ́ sí gan-an. Òṣèré ni ọ̀gá tiẹ̀, bí ọ̀pọ̀ òṣèré kò tilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń wáṣẹ́ fún un, ó ń bá wọn dúnàá-dúrà lórí owó, làáàdá ló sì ń jẹ. Lábẹ́ ìlànà SAG-AFTRA, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré ní Amẹ́ríkà, làáàdá yìí kì í kọjá 10 nínú 100, inú owó tí òṣèré bá gbà ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Ẹ bá mi tún ìparí gbólóhùn yẹn kà. Inú owó tí òṣèré bá gbà. Òṣèré tí kò tíì gba nǹkan kan kò jẹ aṣojú rẹ̀ ní nǹkan kan. Mánéjà tún wà lápá ọ̀tọ̀, ìyẹn ń gba òṣèré nímọ̀ràn lórí iṣẹ́ tó yẹ kó gbà àti èyí tó yẹ kó kọ̀. Òun náà, nínú ohun tó bá wọlé ló ti ń jẹ.

Ẹ wá bá mi ṣírò. Aṣojú tó ń jẹ làáàdá kò ní kàn kó èèyàn 100 mọ́ra. Ẹni tó bá gbà pé á ríṣẹ́ nìkan ló máa mú, torí ẹni tí kò ríṣẹ́ ń febi pa òun náà ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ èèyàn, tí wọ́n á tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà, èèyàn 100 dùn mọ́ ọn ju 10 lọ. Wọ́n ríṣẹ́ o, wọn ò ríṣẹ́ o, ó ti jẹ tiẹ̀. Kódà, ẹni tí kò ní ríṣẹ́ láéláé ni oníbàárà rẹ̀ tó dáa jù, kò ní dà á láàmú pé kó wá bá òun wo ìwé àdéhùn. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní "a ti mú ẹ" lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí ẹ, láì jẹ́ kí o ka ìlà eré kan ṣoṣo, ẹ̀bùn rẹ kọ́ ni wọ́n rí.

Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tí mo fi ṣàlàyé gbogbo èyí fún ọmọ náà. Ó gbọ́ mi dópin. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àǹtí mi, ẹ ò tíì rí ọ́fíìsì wọn ni. Fọ́tò àwọn gbajúmọ̀ kún ara ògiri." Mo ní fọ́tò gbajúmọ̀ kún ọwọ́ àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn náà.

Bó bá jẹ́ pé owó ni kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ yìí lóòótọ́, California ní Amẹ́ríkà, níbi tí Hollywood wà, ló yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣòfin kan ní 2009, Krekorian Talent Scam Prevention Act, tó kà á léèwọ̀ kí aṣojú òṣèré máa gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Èèyàn kì í sì í ṣòfin lórí ohun tí kò tíì yọ wọ́n lẹ́nu.

Ó yẹ kí n rọra níbí, kí n má lọ di ẹni tó ń búra. Mo ní ẹni tó ń yan òṣèré kò nídìí láti gbowó lọ́wọ́ òṣèré. Kò nídìí lóòótọ́, àmọ́ àwọn kan ti wá ọ̀nà sí i. Ní 2017, agbẹjọ́rò ìjọba ìlú Los Angeles fẹ̀sùn kan àwọn tó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi tí òṣèré ti ń sanwó kó lè ṣeré fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójú àwọn tó ń yan òṣèré, ó sì fẹ̀sùn kan díẹ̀ lára àwọn tó ń yan òṣèré náà. Òfin Krekorian yẹn kan náà ló fi mú wọn. Nítorí náà, pé èèyàn ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ kò sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo owó kọ́ ni jìbìtì. Láti 1927 ni Spotlight ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òṣèré ń sanwó kí fọ́tò àti àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lè wà níbi tí àwọn tó ń yan òṣèré á ti rí i. Wọn kì í ṣèlérí ipa fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí mo lè fa ìlà sí kò ju èyí lọ: owó tó ra ohun tí a lè nàka sí, bíi fọ́tò, ẹ̀kọ́, tàbí àyè lórí ìkànnì, a lè jiyàn bóyá ó ti wọ́n jù. Owó tó ra ìlérí, ìlérí náà ló rà.

Ilé ẹ̀kọ́ eré wà lára ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wọ́n, mi ò jiyàn. Àmọ́ láti 2021 ni ẹni tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ eré ti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kì í ti í san owó ilé ìwé mọ́, lẹ́yìn tí David Geffen, olówó kan nídìí orin àti fíìmù, fún wọn ní mílíọ̀nù 150 dọ́là. Àtiwọlé ibẹ̀ ló le.

Ẹ má sì tìtorí èyí yà sí ìsọkúsọ kejì, pé ẹ̀bùn nìkan ti tó, pé lọ́jọ́ kan ṣá, wọ́n á ṣàwárí ẹni. Barkhad Abdi ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Òótọ́ ni pé awakọ̀ ni ní Minneapolis, pé ọ́díṣọ̀n tó ṣí sílẹ̀ fún tèwe-tàgbà ló lọ, pé ó ṣeré nínú fíìmù Captain Phillips tó jáde ní 2013, tí wọ́n sì fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ Oscar. Àwọn tó wá sí ọ́díṣọ̀n yẹn lé ní 700. Mẹ́rin ni wọ́n mú. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ìtàn àwọn yòókù. Nígbà tí SAG-AFTRA daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2023, ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé nǹkan bí 14 péré nínú 100 ọmọ ẹgbẹ́ ló ń rí 26,470 dọ́là lọ́dún nídìí iṣẹ́ yìí, iye tó lè jẹ́ kí wọ́n wà lábẹ́ ètò ìlera ẹgbẹ́ náà. Àwọn tó ti wọlé nìyẹn o. Dáyámọ́ǹdì wo ló wá fẹ́ yí ìyẹn padà?

Mo sáà ní kó jẹ́ ká lo ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń wá òṣèré fún fíìmù kékeré, fídíò ni wọ́n ní kí èèyàn fi ránṣẹ́. A to ìwé lé ara wọn lórí àga, a dá fóònù dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lórí wọn, kí ojú kámẹ́rà lè bá ojú ọmọ náà dọ́gba. A kọjú rẹ̀ sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bà á níwájú, a ta aṣọ ìbùsùn aláwọ̀ eérú sẹ́yìn rẹ̀, a sì jẹ́ kó hàn láti àyà sókè. Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó sọ bó ṣe ga tó, ó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mò ń ka ọ̀rọ̀ ẹnì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Nígbà tí a wò ó, ohùn mi ti bo tiẹ̀ mọ́lẹ̀, torí èmi ni mo sún mọ́ fóònù. Òun dà bí ẹni tó ń bẹ̀ mí láti yàrá kejì. Ojú ẹ̀ tún wọnú kámẹ́rà ṣinṣin bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn. A tún un ṣe. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, ó sì ń wo etí mi dípò fóònù. Nígbà kẹfà, ó dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn ìbéèrè kan. Ìdákẹ́ yẹn kò sí nínú ìwé eré, mo sì gbàgbé ìlà tó kàn mí láti kà.

Dátà tó fi fídíò náà ránṣẹ́ nìkan ló ná wa.

Mi ò sọ pé wọ́n á mú un. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà mówó wá, wákàpáàsì, ẹni tó kàn ń kọjá lẹ́yìn nínú fíìmù, náà sì lè dúró láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ fún ohun tí kò tó nǹkan. Ọmọ tí kò lówó ọkọ̀, tó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ mìíràn kó tó jẹun, kò lè lọ iye ọ́díṣọ̀n tí ọmọ olówó ń lọ. Owó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àkókò ló ń bá èèyàn rà. Ó jọ pé òótọ́ díẹ̀ tó wà nínú ìgbàgbọ́ yìí nìyẹn, àwọn oní-Dáyámọ́ǹdì kàn ti dúró dè é lọ́nà ni.

Níwọ̀n bí ẹnu mi ti dé ibí, ìwé àdéhùn tí wọ́n bá ní kí o fọwọ́ sí lójú ẹsẹ̀, gbé e lọlé. Bí wọn ò bá jẹ́ kó jáde ní ọ́fíìsì, ìwọ jáde. Ẹni tó bá ní ayàfọ́tò tòun nìkan lo lè lò, bi í léèrè iye tí ayàfọ́tò náà ń fún un. Má fi nọ́ńbà tí wọ́n fún ọ wádìí wọn, wá nọ́ńbà ẹni tí wọ́n ní àwọn bá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ. Ọ́díṣọ̀n inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́, tàbí èyí tí wọ́n ti ní kí o bọ́ṣọ kí wọ́n lè wo bí ara rẹ ṣe rí, kì í ṣe ọ́díṣọ̀n. Bó o bá sì kéré sí ọdún 18, kí ìyá tàbí bàbá rẹ wọlé pẹ̀lú rẹ. Ẹni tó bá ní kí wọ́n dúró síta, ẹ jọ padà sílé.

Fọ́ọ̀mù náà ṣì wà lórí tábìlì mi. Lánàá ni wọ́n tún pe ọmọ yìí, wọ́n ní àwọn ti já owó Dáyámọ́ǹdì sí ìdajì, àmọ́ kó má kọjá agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó bi wọ́n pé ìwé eré wo ni kí òun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ sórí de ipa náà. Wọ́n ní wọn ò tíì kọ ọ́.