Rifóbà ọlọ́ta mẹ́fà: kí ni wọ́n ń pè ní "kékeré" lára ìbọn?

Ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú ni mo wà lọ́jọ́ Sátidé kan, mò ń ná aṣọ lọ́wọ́, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston pè mí lórí WhatsApp. "Bọ̀dá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní kí n ra rifóbà kékeré ọlọ́ta mẹ́fà tí mo lè máa fi sábẹ́ aṣọ. Kí ló fi dáa ju ọlọ́ta márùn-ún lọ?" Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ìyá aláṣọ ti dẹ́kun ọ̀rọ̀ owó, ó ń wò mí. Mo ní kí ọmọ náà jẹ́ kí n délé ná.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ló bi. Bàbá mi ń ṣọdẹ lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá, gbogbo ẹbí sì ti gbà pé ọmọ ọdẹ gbọ́dọ̀ mọ ìdí ohunkóhun tó bá ti ń dún gbàù.

Inú àwọn ìbọn ìléwọ́ ni rifóbà wà, ìyẹn àwọn tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo yìn. Oríṣi kan máa ń to ọta sínú èèkù tí ọwọ́ dì mú, ọ̀kan lórí ìkejì. Èyí tó wà nídìí ọlọ́pàá ayé òde òní nìyẹn. Rifóbà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Yíyí ló fún un lórúkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó sì ń yí náà ni sílíńdà àárín rẹ̀.

Ẹ rántí ọpọ́n ayò. Ihò mẹ́fà wà lọ́dọ̀ mi, mẹ́fà wà lọ́dọ̀ rẹ. Ẹ mú mẹ́fà apá kan, kí ẹ ká a po títí tí ihò àkọ́kọ́ á fi fara kan ìkẹyìn. Bí sílíńdà ṣe rí nìyẹn: irin róbótó, ihò mẹ́fà yípo inú rẹ̀, ọta kan nínú ihò kan. Bí ìka bá ti ń fa irin tó wà nísàlẹ̀, sílíńdà á yí díẹ̀, ihò tó kàn á wá dojú kọ ọ̀pá ìbọn, òòlù ẹ̀yìn á gbéra, á já lu ìdí ọta. Gbàù. Tún un fà, yóò tún yí.

Ọdún 1836 ni Samuel Colt gba ìwé àṣẹ lórí irú ìbọn yìí ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí kò bá rí ṣakabùlà rí kò lè mọ ohun tí ìyẹn já sí. Kí bàbá mi tó lè yìn ún lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á rọ ẹ̀tù sí i lẹ́nu, wọ́n á ki àkísà, wọ́n á fi ọ̀pá gún un, wọ́n á da ọta sí i, wọ́n á tún gún un. Ẹran tí wọ́n tàsé á ti dé Ìbàràpá. Nígbà tí mo fi àwòrán rifóbà hàn wọ́n lórí fóònù, ohun kan ni wọ́n béèrè: "Ibo ni wọ́n ń rọ ẹ̀tù sí níbẹ̀?"

Ó wá ku "kékeré." Ọ̀pá ìbọn irú èyí kì í sábà ju íńṣì méjì lọ. Èèkù rẹ̀ náà kúrú. Àmọ́ sílíńdà ni ikùn rẹ̀, òun ló sanra jù, òun náà ló ń wú síta lábẹ́ aṣọ. Ọta mẹ́fà tó tóbi bákan náà kò lè jókòó yípo níbi tí márùn-ún gbà láìjẹ́ pé ibẹ̀ fẹ̀ sí i. Gbogbo àríyànjiyàn mẹ́fà àti márùn-ún kò kọjá ibí yìí.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tó ń rọ ìbọn ti ń bá a fà á. Lọ́dún 1927, Colt gbé Detective Special jáde, ọta .38 mẹ́fà (nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí bí ọta ṣe fẹ̀ tó). Smith & Wesson gbé Chiefs Special tiwọn jáde lọ́dún 1950, wọ́n yọ ọta kan kúrò kí ìbọn lè tín-ín-rín. Lọ́dún 2016, Kimber dá mẹ́fà padà nínú K6s: wọ́n fá ẹ̀gbẹ́ sílíńdà pẹrẹsẹ títí ó fi wá sí íńṣì 1.39. Ti ọlọ́ta márùn-ún tó kéré ń lọ bí íńṣì 1.3. Ìyàtọ̀ náà kò ju bíi mílímítà méjì lọ! Ruger gba ọ̀nà mìíràn: LCR wọn kan gba mẹ́fà, ṣùgbọ́n ọta .327 tó tín-ín-rín ju .38 lọ ni.

Ìwúwo ni mo ní kó fọkàn sí jù. K6s tó jẹ́ irin tí kì í dípẹtà wúwo tó bíi gíráàmù 650. Àwọn ọlọ́ta márùn-ún alára álúmíníọ̀mù wà tí kò ju bíi 425 lọ. Èyí tó fúyẹ́ á dùn ún gbé láti àárọ̀ dalẹ́, àmọ́ bó bá yìn ín, á gbá a lọ́wọ́ débi tí kò ní fẹ́ yin ìkejì. Ẹni tí kò bá sì lè fi í dánra wò, tí kò lè ba ohun tó dojú rẹ̀ kọ, kí ló fẹ́ fi ọta kẹfà ṣe? Lójú tèmi, bó bá jẹ́ ìgbànú ló fẹ́ fi kọ́ ọ, kó mú ọlọ́ta mẹ́fà tó wúwo. Bó bá jẹ́ àpò ṣòkòtò, márùn-ún ti tó.

Ohun méjì kan tún wà. Òòlù tó bá yọ síta máa ń há sí aṣọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bo ti àwọn kan mọ́nú. Ọ̀pọ̀ rifóbà kò sì ní ohun tí a lè fi tì í pa. Líle irin ìfà rẹ̀ ni wọ́n gbójú lé. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní àpò tirẹ̀ tó bo irin yẹn, kì í ṣe kó máa bá kọ́kọ́rọ́ àti ṣéńjì yí kiri. (Ọlọ́ta mẹ́fà Colt ti àtijọ́ gan-an, márùn-ún làwọn ọlọgbọ́n ń kì sí i. Wọ́n á fi ihò tó wà lábẹ́ òòlù sílẹ̀ lófìfo, torí bó bá já bọ́, ó lè dún fúnra rẹ̀.)

Mo bi í pé ṣé ó ti gba green card. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ ló ń lò ni, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò fi bẹ́ẹ̀ gbà kó ní ìbọn àti ọta lọ́wọ́, àyàfi àwọn ọ̀nà díẹ̀ bí ìwé àṣẹ ìṣọdẹ.

Ti ilé níbí yàtọ̀ pátápátá. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 to rifóbà mọ́ bọ́ǹbù àti ìbọn arọ̀jò ọta, nínú ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ ló fún un níwèé àṣẹ. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kì í dín ní ọdún mẹ́wàá. Ṣakabùlà bàbá mi wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀, òun náà sì ń gba ìwé àṣẹ. Mo sọ fún ọmọ náà pé bó bá ń bọ̀ wálé lọ́dún, kó fi ohun yẹn sílẹ̀ sí Houston.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló tún pè. Ó ní òun àti ìyàwó òun jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé ọlọ́ta mẹ́fà tí kò lọ́ta nínú fún òun, òun ti i bọ ìgbànú, òun da búbá lé e. Ìyàwó rẹ̀ wò ó láti ẹ̀yìn, ó ní, "Dádì, kí ló wú sí yín níbàdí?" Wọn ò ra nǹkan kan.