Ilé àjogúnbá ni, kì í ṣe músíọ̀mù

Lóṣù tó kọjá ni àwọn kan láti ìlú ìyá mi, ní apá gúúsù Èkìtì níbí, ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá àwọn yẹ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ sára pátákó wò. Iwájú ilé kan ni pátákó náà yóò dúró sí, ilé alámọ̀ olójúlé mẹ́jọ tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn àti òpó gbígbẹ́ mẹ́ta. Ìjòyè kan ló kọ́ ọ láyé àtijọ́. Àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó ti dáwó, wọ́n ti ra páànù tuntun, wọ́n fẹ́ kí àlejò máa wá wò ó. Inú mi dùn títí mo fi rí ohun tí wọ́n kọ: MÚSÍỌ̀MÙ ÀTI IBÙDÓ ÌGBAFẸ́. Mo tún un kà. Mo bi wọ́n pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, èwo ló ń sọ fún ẹni tó ń kọjá lọ pé ilé ni ohun tó wà níwájú rẹ̀? Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Mi ò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Mọ́tò ni mọ́tò, fóònù ni fóònù. Àwọn tó kó nǹkan náà wá ló kó orúkọ rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ta ló kó ilé wá fún wa? Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ di músíọ̀mù yìí. Ibùjókòó àwọn òrìṣà obìnrin tó ni orin, ewì àti ìmọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá a, wọ́n ń lò ó bó ṣe wù wọ́n, kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀. Àmọ́ kí bàbá àgbà kan ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ọmùò dúró níwájú ilé tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, kó máa wá bí yóò ṣe fi ahọ́n gbé "músíọ̀mù", nígbà tí ilé, àkódì, agbo-ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àfin kún ẹnu rẹ̀, ìyẹn ni mo kọ̀.

Àwọn tó sún mọ́ òótọ́ díẹ̀ máa ń sọ pé "ilé ìṣẹ̀ǹbáyé". Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, òun ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó bá èyí tó wà ní Èsìẹ́ mu, tí wọ́n ṣí ní 1945 nítorí àwọn ère òkúta, tó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó bá ti Jọ́ọ̀sì mu, ti 1952, ó sì bá ti Oníkan l'Ékòó mu, ti 1957. Ibi tí wọ́n kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jọ sí ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yẹn, agbọ̀n lásán ni ilé jẹ́. Ohun inú agbọ̀n la wá wò. Bí wọ́n bá kó o kúrò nínú ilé yìí lọ sínú òmíràn lọ́la, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣì ni yóò máa jẹ́. Bí ilé fúnra rẹ̀ bá wá jẹ́ ohun tí a fẹ́ wò ńkọ́? Ògiri rẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀, bí oòrùn ṣe ń wọ àgbàlá rẹ̀, ibi tí èéfín ti sọ àjà di dúdú? Ìyẹn gan-an ni mo ń pè ní ilé àjogúnbá. Èyí tí ọba ṣì ń gbé, èyí tí ẹbí ń ṣọ́, èyí tí ìjọba ti gbà, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú mi. Ẹni tó bá fẹ́ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, kó máa pín in.

Èkìtì ni wá, ẹ jẹ́ kí n fi iṣu ṣàlàyé. Ẹ lọ sí Ọjà Ọba ní Adó, ẹ ó rí iṣu tí wọ́n tò sórí àtẹ. Iṣu tó ti ọ̀nà ibí wá wà níbẹ̀, iṣu tó ti ọ̀nà ọ̀hún wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ lè gbé e, ẹ lè yí i wò, ẹ lè dúnàá dúrà lórí rẹ̀. Iṣu gidi ni. Ṣùgbọ́n iṣu yẹn kò lè sọ irú ilẹ̀ tó gbà á fún yín, kò lè sọ ọ̀pá tí ìtàkùn rẹ̀ gùn, kò lè sọ ohun tí wọ́n gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí ipa ọ̀nà tí àgbẹ̀ ń gbà débẹ̀ ní ìdájí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni àtẹ yẹn. Ilé àjogúnbá ni ebè: iṣu wà nínú rẹ̀, ìtàkùn wà lórí ọ̀pá, kókò wà lápá ọ̀tún, yẹ̀pẹ̀ ṣì wà lára gbogbo wọn. Iṣu tí a bá sì ti wa, bí a dá a padà sínú ebè, kò ní rí bó ṣe rí lánàá mọ́.

Ìkẹ́rẹ́ mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó sì fi Ìsẹ̀ ṣe ilé títí ó fi kú ní 1938, ló gbẹ́ ìlẹ̀kùn àti òpó fún àfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín 1910 sí 1914. Lára apá kan ìlẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú ayaba àti àwọn èèyàn rẹ̀. Lára apá kejì, Captain Ambrose, Òyìnbó aṣojú ìjọba, ń bọ̀ wá kí ọba, àwọn alárù ló ń gbé e bọ̀. Ìtàn ìlú ni wọ́n kọ sára ìlẹ̀kùn, ẹni tó bá fẹ́ wọlé kò ní ṣàì rí i. Ní 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. British Museum fẹ́ ẹ. Ògògà kò gbà láti tà á. Nígbẹ̀yìn, ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe nílùú Òyìnbó ni wọ́n fi ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ló wà di òní. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà, èyí tí ọba jókòó tí olorì àgbà dúró gbọnran lẹ́yìn rẹ̀, Chicago ní Amẹ́ríkà ni tirẹ̀ wà. Wọ́n tọ́jú wọn o. Ikán kò dé ọ̀dọ̀ wọn, òjò kò sì pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kì í gbà wọlé, òpó tí kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, iṣu orí àtẹ ni wọ́n. Ilé tí wọ́n kúrò lára rẹ̀ náà kò sì pé mọ́.

Mo wá dé ibi tí ìjà wà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ rédíò ní "ilé onítàn" ló dùn lẹ́nu jù. Ilé wo ni kò ní ìtàn? Ilé tí àwọn tọkọtaya kó sí lọ́sẹ̀ tó kọjá ti ní ìtàn. Ẹlòmíràn ní "ilé àtijọ́". Àwókù tí ewúrẹ́ ń sùn sí náà, ilé àtijọ́ ni. Ẹnìkan tún ní "ilé ìrántí". Èyí ló bí mi nínú jù, torí ó ń da nǹkan méjì pọ̀. Ọgbà tí wọ́n fi orúkọ Fájuyì sọ ní Adó, ibi ìrántí nìyẹn: ọmọ Adó tí wọ́n pa ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 29, oṣù keje, 1966 la fi ń rántí. Ibẹ̀ kò di ibi pàtàkì nítorí pé ó gbé ibẹ̀. A lè kọ́ ibi ìrántí lónìí, kí a sì parí rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó lè kọ́ ilé àjogúnbá lónìí.

Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: à-jogún-bá. Jogún wà níbẹ̀, bá wà níbẹ̀. Bí a bá ní a jogún, ó túmọ̀ sí pé ẹnìkan ló ni ín kó tó kàn wá, àti pé àwa tí ó kàn kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Bí a bá ní a bá a, ó túmọ̀ sí pé ó ti wà nílẹ̀ kí a tó dé. Ẹni tó bá nǹkan nílẹ̀ mọ̀ pé òun náà yóò fi í sílẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí Yorùbá ṣe ń pín ogún. Bí bàbá bá kú, a lè pín in ní ìdí-igi, kí ìyá kọ̀ọ̀kan kó ti àwọn ọmọ rẹ̀. A lè pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀. Oko kòkó ṣeé pín, aṣọ ṣeé pín. Ilé tí bàbá gbé tó fi kú, tí gbogbo ọmọ ń padà sí nígbà ìsìnkú àti ìgbéyàwó, ilé ẹbí nìyẹn. Ọmọ kan kò lè dá a tà. Olórí ẹbí pàápàá kò lè dá a tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí yòókù fọwọ́ sí i. Kò sí ọmọ Èkìtì tí kò mọ òfin yìí, kódà bí kò ka ìwé rí. Tí mo bá ti pe ilé kan ní àjogúnbá, gbogbo òfin yẹn ti wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà, mi ò ní láti tún ṣàlàyé. Ẹ pè é ní músíọ̀mù, wọn yóò rò pé ti ìjọba ni, ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe sí ohun tí a bá ti gbà pé ti ìjọba ni.

Nọ́ọ̀sì kan níbi ìpàdé náà ta kò mí. Ó ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún àìsàn lẹ fẹ́ fi sọ ilé lórúkọ yìí. Àrùn àjogúnbá là ń pe sickle cell." Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ là ń jogún, orúkọ là ń jogún, gbèsè pàápàá là ń jogún. Àjogúnbá kò ṣèlérí pé ohun rere nìkan la bá. Nínú ilé tí mò ń sọ yìí, yàrá kékeré méjì wà lẹ́yìn tí àwọn ìwọ̀fà ìjòyè náà ń sùn, àwọn àgbà ìlú mọ̀ ọ́n. Igbìmọ̀ kò fẹ́ kí a dárúkọ rẹ̀ fún àlejò. Mo ní kí wọ́n dárúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀. A bá a níbẹ̀ bí a ṣe bá òpó gbígbẹ́ níbẹ̀.

Mi ò sọ pé orúkọ lásán lè dá katapílà dúró. Ilojo Bar l'Ékòó, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, ìjọba kéde rẹ̀ ní 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Lọ́jọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ló fi jẹ́ "ohun ìrántí". Ní Lọ́ńdọ̀nù, John Soane, ọkùnrin kan tó ń yàwòrán ilé, mú kí ilé aṣòfin wọn ṣe òfin ní 1833 pé bí òun bá kú, kí wọ́n fi ilé òun àti ohun inú rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ó kú ní 1837, ilé náà ṣì wà, èrò sì ń wọ́ lọ wò ó. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé tí Fẹlá gbé kẹ́yìn ní Ìkẹjà ti di ibi tí àlejò ń lọ láti 2012: yàrá rẹ̀, aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀, àti sàréè rẹ̀ níwájú ilé. Kò sẹ́ni tó kó wọn ti ibòmíràn wá. Inú ebè ni wọ́n wà.

Ó ku "ibùdó ìgbafẹ́". Ìkọ̀gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ìgbafẹ́ nìyẹn. Ẹ wẹ̀, ẹ jẹun, ẹ sinmi. Ilé onílé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé onílé a kágò, a dúró kí wọ́n dá a lóhùn. Àlejò ni, àbẹ̀wò ló wá ṣe. Kí ó sanwó ìwọlé, kò burú, bí owó náà bá ń lọ sórí páànù àti ògiri.

Ògiri ọ̀hún náà gba ọ̀rọ̀, torí wọ́n ní àwọn ti "tún ilé ṣe". Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ojú ògiri amọ̀ náà níta. Amọ̀ a máa fa omi mu, a sì máa mí i jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Sìmẹ́ǹtì bo ojú rẹ̀, omi tó wọ inú rẹ̀ kò rọ́nà jáde, amọ̀ rọ̀ lábẹ́ ohun tó le. Ní òjò kejì, sìmẹ́ǹtì náà wó pẹ̀lú amọ̀ tó fara mọ́ ọn. Ìtọ́jú ni ilé àjogúnbá ń fẹ́: amọ̀ fún amọ̀, igi fún igi, òrùlé tí kò jò. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí èyí tó kù kúrò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Lórí orúkọ, wọ́n gbà nígbẹ̀yìn. Akọ̀wé pa tàkọ́kọ́ rẹ́, ó kọ ILÉ ÀJOGÚNBÁ. Ìgbà yẹn ni ìyá àgbà kan, tí wọ́n bí sínú ilé náà, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ní òun náà fẹ́ béèrè nǹkan. Ó ní ta ló ń jẹ́ "ilé" níbẹ̀? Ó ní bàbá òun kò pè é bẹ́ẹ̀ rí, "ulé" ló ń pè é, "ulé" ni àwọn tó po amọ̀ rẹ̀ ń pè é. Mo ti la ẹnu láti sọ pé àlejò láti Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta náà yóò kà á. Mo pa á dé. Mo gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ akọ̀wé, mo pa "ILÉ" rẹ́. ULÉ ÀJOGÚNBÁ ló wà lára pátákó náà báyìí, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: Ẹ kágò kí ẹ tó wọlé.