Yíyan aṣọ fún ẹ̀wù cosplay ní Ìkòròdú

Yíyan aṣọ fún ẹ̀wù cosplay ni iṣẹ́ tó ń ṣáájú rírán nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ múra bí ẹ̀dá inú fíìmù, géèmù tàbí ìwé aláwòrán. Ní Ìkòròdú, ìlú Ayángbùrẹ́n ní ìpínlẹ̀ Èkó, télọ̀ àdúgbò tó ń rán bùbá àti ṣòkòtò ni wọ́n sábà máa ń gbé irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ fún. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ló gbọ́dọ̀ mọ aṣọ tí yóò rà.

Ìtàn ní ṣókí

Ní ọdún 1939, níbi àpéjọ àwọn olólùfẹ́ ìtàn sáyẹ́ǹsì ní New York, Forrest J. Ackerman àti Myrtle R. Douglas wọ ẹ̀wù ayé ọjọ́ iwájú. Douglas ló rán an. Ọdún 1983 ni Nobuyuki Takahashi, akọ̀ròyìn ará Japan, fún àṣà náà ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Lagos Comic Con, àpéjọ àwọn olólùfẹ́ ìwé aláwòrán tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, wà lára ibi tí àwọn ará Èkó ti ń wọ̀ ọ́ jáde. Ní Ìkòròdú gan-an, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Ikorodu Bois di ìlúmọ̀ọ́ká nípa ṣíṣe àwòkọ ìpolówó fíìmù pẹ̀lú nǹkan inú ilé. Bárò lè di ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan lára iṣẹ́ wọn dé etí Netflix ní 2020.

Mímúra bí ẹlòmíràn kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn alárìnjó ti ń pa ara dà lójú agbo tipẹ́tipẹ́ kí fíìmù tó dé. Ẹ̀kú eégún ní tirẹ̀ yàtọ̀: ohun ìsìn ni, kò yẹ kí a kà á mọ́ ẹ̀wù eré.

Ooru àti irú òwú

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni ooru. Ẹni tó wọ pọlisítà, aṣọ òwú àtọwọ́dá, tó nípọn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ yóò làágùn débi tí ọ̀dà ojú rẹ̀ yóò máa ṣàn wọ kọ́là. Kọ́tìnì ń fa òógùn mu, ó sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Bí ó bá di dandan kí òde ẹ̀wù jẹ́ pọlisítà, kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló dára jù láti fi ṣe aṣọ inú.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé lẹ́nu àwọn ọlọ́jà kan, kò sí aṣọ tí kì í ṣe kọ́tìnì. Iná ló ń sọ òótọ́. A ó fa òwú bíi mẹ́ta yọ létí aṣọ, a ó fi ẹ̀mú dì í mú lórí abọ́ omi, a ó wá ṣáná sí i. Kọ́tìnì a jó bíi bébà, eérú rẹ̀ a sì kúnná. Pọlisítà a kọ́kọ́ súnkì, a yọ́, a yọ èéfín dúdú, ohun tó ṣẹ́kù a dì bí ìlẹ̀kẹ̀ tó le. Sílíìkì àti irun àgùntàn a máa rùn bí irun orí tó jóná. Èyí tó bá jó bíi bébà tó tún fi ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀, àdàlù ni. Nítorí pé pọlisítà máa ń yọ́ lẹ̀ mọ́ ara, kò yẹ kí ẹni tó wọ̀ ọ́ sún mọ́ iná.

Kọ́tìnì ń gba aró dáadáa. Pọlisítà kì í gbà á. Ṣùgbọ́n kọ́tìnì tuntun máa ń súnkì, nítorí náà wọ́n ń fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gé e.

Aṣọ tó ń fà

Ẹ̀wù àwọn akọni tó lẹ̀ mọ́ ara nílò spandex, òwú tí Joseph Shivers ṣàwárí ní ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ní 1958. Kí a tó sanwó, a ó wọn sẹ̀ǹtímítà 10 lórí aṣọ náà, a ó fà á ní ìbú àti ní òró, a ó wò ó bóyá ó ń padà sí ibi tó wà. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú ni wọ́n fi ń rán an, pẹ̀lú rírán kọ́lọkọ̀lọ. Télọ̀ tó bá fi abẹ́rẹ́ Ankara rán an gbọọrọ yóò fi ihò wẹ́wẹ́ sí i, okùn rẹ̀ a sì já lọ́jọ́ tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá lóṣòó.

Dídán

Sátíìnì máa ń fa ojú mọ́ra ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n iná kámẹ́rà máa ń sọ ọ́ di funfun, gbogbo ìkákò rẹ̀ a sì hàn. Kíréèpù kì í dán tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń já wálẹ̀ dáadáa. Àrán ní irun tó dojú kọ apá kan: bí télọ̀ bá gé apá kan lọ sókè, tó gé èkejì lọ sílẹ̀, aṣọ kan náà yóò dà bí àwọ̀ méjì. Ó yẹ kí a rà á lé díẹ̀ nítorí èyí.

Aṣọ ilẹ̀ wa

Aṣọ òkè, tí wọ́n ń hun ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n tó rán an pọ̀, nípọn tó láti di àmùrè tàbí ìbora èjìká jagunjagun. Ankara lè dúró bó bá ní gọ́ọ̀mù stay, aṣọ líle tí àwọn télọ̀ ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ inú kọ́là. Ìhámọ́ra gidi kì í ṣe iṣẹ́ aṣọ rárá. Fóòmù àti gọ́ọ̀mù àwọn aránbàtà ni.

Rírà

Ọjà Sábó wà nítòsí fún Ankara àti aṣọ inú. Fún àwọ̀ tó ṣọ̀wọ́n, Balógun ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni, ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé èrò lọ sí Èkó láti èbúté Ìpakòdó ní Ìkòròdú. Òkìrìkà ń pèsè kóòtù àti kọ́tìnnì fèrèsé tí owó rẹ̀ kò tó ti aṣọ ọ̀pá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí a ra gbogbo ọ̀pá tí a nílò, nítorí pé ìdì tuntun lè má bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba ní àwọ̀. Bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ fi ń gé àwòṣe àkọ́kọ́ kí wọ́n tó fi síṣọ́ọ̀sì kan aṣọ tí wọ́n fowó rà.