Aago Mélòó Ni Wọ́n Mú Un?

Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin wọ ọ́fíìsì mi ní Wuse lóṣù tó kọjá. Ọlọ́pàá ti gbé bàbá ilé wọn ní Nyanya. Bàbá ò ṣe nǹkan kan, àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Mo ní, "Màmá, aago mélòó ni wọ́n mú wọn?"

"Lọ́yà, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn ni."

Ọjọ́ wo? Ìyá ní Mọ́ńdè, ọmọ ní Túsìdeè.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wà lọ́dọ̀ aláfàá kan ní Mararaba tó ń fún wọn lómi wàláà mu, kí ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì lè ṣí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ kóòtù dúdú níwájú téṣàn gba owó béèlì lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe lọ́yà. Béèlì ò sì ní owó! Inú bí mi débi pé mo dìde lórí àga. Ẹ gbàdúrà, n kò ní kẹ́ ẹ má gbà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo aago.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì lórí iṣẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn níbí ní Abuja. A ka àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà, a ka bí èèyàn ṣe lè gba kọ́ọ̀tù ECOWAS lọ tààrà. Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ ní kí kálukú ṣí fáìlì ẹjọ́ kan tó ti ṣe, kó fi ìka sí aago tí wọ́n mú oníbàárà rẹ̀. Gbogbo yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Èmi àti obìnrin kan tó wá láti Kano nìkan la rí i fi ìka sí.

Oníata kan ní Karu ló kọ tèmi sẹ́yìn ìwé gbèsè rẹ̀, pẹ̀lú báírò, epo sì ti ta sí i: "7:20 àárọ̀, Wẹ́sidé", àti nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé ọmọ rẹ̀. Ìwé yẹn ni mo gbé dé ilé ẹjọ́ gíga. Adájọ́ ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì ní gbangba.

Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ló ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú èèyàn fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Níbi tí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀, àfi tí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ èyí tí ikú jẹ́ ìyà rẹ̀. Ní Abuja, ibo ni kọ́ọ̀tù ti jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Òfin ìṣẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 sì ti ka mímú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn léèwọ̀. Ṣùgbọ́n wákàtí 24 láti ìgbà wo? Ohun tí agbẹjọ́rò ìjọba máa kọ́kọ́ bi mí nìyẹn.

Bàbá ti jáde báyìí. Mo lọ sí Nyanya fúnra mi. Obìnrin tó ń sun àgbàdo lọ́ọ̀ọ́kán ilé wọn sọ pé agogo ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ lù tán nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá dúró, ó sì jẹ́ ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ wọlé síbẹ̀. Mo wọ ilé ìwé náà. Aago méje àbọ̀ ni wọ́n máa ń lu agogo. Orúkọ ọmọ náà sì wà nínú ìwé wọn, lọ́jọ́ Túsìdeè.