Kí Ẹ Tó Fi Owó Ránṣẹ́ sí Ọlọ́jà Orí Ayélujára

Àdírẹ́sì ìkànnì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ má tíì wo àwòrán ọjà, torí àwòrán ṣeé jí kó. Ẹ wá àmì / àkọ́kọ́ tó wà lẹ́yìn https://, kí ẹ máa kà bọ̀ sẹ́yìn láti ibẹ̀. Ti Jumia ní Nàìjíríà parí sí jumia.com.ng. Bí ẹ bá wá rí jumia.com.ng.ebun-ofe.shop, ẹni tó ni ebun-ofe.shop ló ni ìkànnì yẹn. Ó kàn gbé orúkọ olórúkọ síwájú tirẹ̀ ni. Ẹ má sì jẹ́ kí àgádágodo kékeré ibẹ̀ tàn yín. Ohun tó ń sọ ni pé ará ìta kò lè yọjú wo ohun tí ẹ ń tẹ̀ bó ti ń lọ lójú ọ̀nà. Kò sọ pé olóòótọ́ ni ẹni tó ń gbà á. Gbájúẹ̀ náà máa ń rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn èyí ló kan owó sísan, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sí wàhálà. Tiransífà kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni kejì, bó bá sì ti gbé owó náà jáde, ó ṣòro kí báńkì tó rí i gbà padà. Bó bá jẹ́ káàdì lẹ fi sanwó tí ọjà kò dé, ẹ lè ní kí báńkì yín bá báńkì ọlọ́jà fà á, bí rìsíìtì àti ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ bá wà lọ́wọ́ yín. Sísan owó nígbà tí ọjà bá dé ló dára jù fún ọlọ́jà tí ẹ kò mọ̀ rí. Bó bá kọ̀, tó ní tiransífà nìkan lòun ń gbà, ẹ tẹ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ tó jẹ́ 10, kí ẹ wo orúkọ tó máa yọ. Ìyá tó ń ta àdìrẹ lórí WhatsApp lè lo orúkọ ara rẹ̀, kò sí àbùkù níbẹ̀. Àmọ́ ilé ìtajà tó pe ara rẹ̀ ní kọ́ńpìnnì ńlá, tí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo wá yọ, ẹ dáwọ́ dúró ná.

Àwọn gbájúẹ̀ tún lè pè yín: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín, ká lè dá owó yín padà.” OTP nìyẹn, òǹtẹ̀ yín ni. Ẹni tó bá kà á síta ti fọwọ́ sí i kí owó jáde. Ẹni tó fẹ́ sanwó fún yín kò nílò ju orúkọ, báńkì àti nọ́ńbà àkáǹtì lọ. Kò nílò PIN, kò nílò nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì.

Bó bá jẹ́ fóònù lẹ rà, kí ẹni tó gbé e wá dúró. Ẹ tàn án, ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà 15 tó bá yọ gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí mu. Àwọn kan kì í jẹ́ kéèyàn tú ẹrù kó tó sanwó, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó rà á.

Bí owó bá ti lọ, ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù báńkì tó wà lẹ́yìn káàdì yín, kì í ṣe èyí tí ẹ rí lórí Facebook. Ẹ ní kí wọ́n ti káàdì pa, kí wọ́n kàn sí báńkì tó gba owó náà, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀.