Bí àká ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì

Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún purintà tó bá kọ̀ṣẹ́. Bí ẹni náà bá gba ìsinmi lọ́sẹ̀ Ojúde Ọba, àfi kí wọ́n máa pè é títí yóò fi gbé fóònù. Nítorí irú èyí ni wọ́n ṣe ń dá àká ìmọ̀ sílẹ̀: ibì kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì tí wọ́n ń kọ ìṣòro tí wọ́n ti yanjú sí, kí òṣìṣẹ́ yòówù lè wá a kàn fúnra rẹ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jókòó máa ro ohun tí òṣìṣẹ́ lè béèrè. Ìbéèrè ti wà nílẹ̀, nínú WhatsApp ọ́fíìsì. Èyí tó bá ń padà wá lemọ́lemọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ. Consortium for Service Innovation, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí láti 1992, fi ohun méjì yìí sínú ìlànà wọn: kí wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe lọ́wọ́, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ẹni tí ìṣòro dé bá kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni ọ̀pọ̀ àká ìmọ̀ ń kùnà lé lórí. Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin kan ní ẹ̀ka akáǹtì. Wọ́n mú iná lọ mọ́jú. Ó tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀, gbogbo ìkànnì tó ṣí ló ń sọ pé kò sí ààbò. Kò sí ohun tó ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Bátìrì róbótó kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà, CR2032, fólítì 3, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní bátìrì CMOS, tó ń bá a pa aago mọ́ nígbà tí kò bá sí iná. Bí ó bá ti kú, aago á padà sí ọdún kan tó ti pẹ́ sẹ́yìn. Chrome á wá fi ọjọ́ yẹn wo ìwé ẹ̀rí tí ìkànnì fi ń fi hàn pé òun kì í ṣe ayédèrú, á rí i pé àkókò rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀, á sì kọ̀ ọ́.

Bí wọ́n bá pe ojú ewé náà ní “Bátìrì CMOS”, obìnrin yìí kò ní rí i láéláé, torí kò mọ̀ pé bátìrì kankan wà. “Gbogbo ìkànnì ń sọ pé kò sí ààbò” ló yẹ kó jẹ́. Lábẹ́ rẹ̀: wo déètì tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, tún un ṣe, bí ó bá tún yí padà lẹ́yìn tí iná lọ, kí wọ́n pààrọ̀ bátìrì. Kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì ohùn kún ìsàlẹ̀, “intaneeti ko si”, torí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń tẹ Yorùbá.

Ní ti ohun èlò, DokuWiki, ètò kọ̀ǹpútà kan fún kíkọ irú ojú ewé báyìí, tó jáde ní 2004, dára fún ọ́fíìsì kékeré. Ọ̀fẹ́ ni, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ló ń kó ojú ewé sí, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan sì lè gbé e, kí ó máa ṣí bí dátà tilẹ̀ tán. Ojú ewé kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀ nìkan: èyí tó sọ ohun tí wọ́n ń ṣe bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ router.

Páásíwọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àlàyé nípa oníbàárà; òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 kò fi èyí ṣeré.

Àlàyé tó ti gbó máa ń ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́ ju àìsí àlàyé lọ. Microsoft fòpin sí ìtọ́jú Windows 10 ní October 14, 2025; níbi tí wọ́n bá ti kó lọ sí Windows 11, gbogbo àwòrán Windows 10 tó wà nínú àká ìmọ̀ ti di ohun àtúnṣe. Nítorí náà, kí ọjọ́ tí wọ́n yẹ ojú ewé kọ̀ọ̀kan wò kẹ́yìn hàn lórí rẹ̀, àti ipò ẹni tó ń bójú tó o. Ẹni tó bá lò ó tó rí àṣìṣe, kí ó lè tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹnì kan bá sì ṣì pe onímọ̀ kọ̀ǹpútà nípa ohun tó ti wà nílẹ̀, kí ó má bá a wí. Kí ó bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ tẹ̀ nígbà tí ẹ ń wá a?” kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an kún ojú ewé náà.