Àdìpọ̀ fáìlì géèmù: bí a ṣe ń yọ nǹkan nínú rẹ̀, tí a sì ń fi òmíràn rọ́pò

Àbúrò kan ní àdúgbò wa ní Kétu gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Géèmù bọ́ọ̀lù ni ó wà lórí rẹ̀, ti àtijọ́, irú èyí tí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára lè gbé. Ó fẹ́ bọ́ aṣọ lára ẹgbẹ́ kan nínú rẹ̀, kí ó wọ aṣọ aláwọ̀ ìyeyè ti orílẹ̀-èdè Benin wa fún wọn. Ó ti ya aṣọ náà fúnra rẹ̀, ó sì yà á dáadáa. Guépards, ìnagijẹ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa, ni ó kọ sí àyà rẹ̀, nítorí láti 2022 ni wọ́n ti pa orúkọ Écureuils, ìyẹn Ọ̀kẹ́rẹ́, tì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó,” ó ní. “Mo wá fáìlì aṣọ náà títí, n kò rí i. Fáìlì ńlá kan báyìí ni mo rí. Mo gba irinṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fi ki tèmi bọ inú rẹ̀. Láti ìgbà náà, géèmù kò ṣí mọ́.”

Ohun tó wà nídìí wàhálà rẹ̀ ni mo fẹ́ tú síta níbí, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa, láti Kétu dé Pọ́bẹ̀ títí dé Àjàṣẹ́, ń lo irú irinṣẹ́ yìí láìmọ ohun tó ń ṣe. Wọ́n á tẹ bọ́tìnì, nǹkan á bàjẹ́, wọ́n á sì rò pé àwọn kò mọ kọ̀ǹpútà lò. Ó dùn mí, torí ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀.

Fáìlì ńlá tó rí yẹn ni mò ń pè ní àdìpọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló wà nínú rẹ̀: àwòrán ojú eléré, aṣọ, koríko pápá, ariwo èrò ìwòran. Láyé tí géèmù ń wá lórí CD àti DVD, ojú tó ń ka díìsìkì ní láti máa rìn lọ síbi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà. Bí fáìlì ẹgbẹ̀rún mẹ́ta bá fọ́n ká, ìrìn yẹn ni yóò jẹ àsìkò tán. Àmọ́ bí a bá tò wọ́n tẹ̀ léra wọn nínú fáìlì kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó ṣí i, a ó sì máa kà á lọ. Àwọn tó ń ṣe géèmù tún máa ń dì wọ́n pọ̀ kí ọwọ́ aráyé má baà tètè dé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ìrìn yẹn ló ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí n fi oko ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ro oko gígùn kan tí a kọ ebè sí ní ìlà kan ṣoṣo, ebè lẹ́yìn ebè, tí àwọn tó ń dá a sì pọ̀. Kò sí ọgbà láàárín wọn, kò sí pẹ̀rẹ̀gún tí a gbìn fún àmì. Ebè kan kò yàtọ̀ sí èkejì lójú. Ìwé tó wà lọ́wọ́ baálẹ̀ nìkan ló sọ ẹni tó ni ibi kan: ti Ìyá Ẹlẹ́pà bẹ̀rẹ̀ láti ebè 400, ó jẹ́ ebè 150, ti Bàbá Ìlárá bẹ̀rẹ̀ láti ebè 550, ó jẹ́ ebè 90. Ẹni tó bá fẹ́ hú ẹ̀pà ìyá náà kò ní máa kiri inú oko. Yóò ka ìwé, yóò lọ tààrà sí ebè 400, yóò ka 150, yóò sì dúró.

Ebè kan ni báìtì kan, ìyẹn ẹyọ kékeré tí a fi ń wọn ohun tó wà nínú fáìlì. Ìwé baálẹ̀ ni àtòjọ tó wà nínú àdìpọ̀. Géèmù kì í wo oko rárá, ìwé ló ń kà, ohun tí ìwé bá sì wí ló gbà gbọ́. Bí ìwé bá ní koríko pápá wà ní ebè 550, tí ẹlòmíràn sì ti gbin nǹkan mìíràn síbẹ̀, ohun mìíràn yẹn ni géèmù yóò hú, yóò sì fẹ́ fi ṣe koríko.

Doom, géèmù ìbọn àtijọ́ kan, ni mo máa ń fi kọ́ ẹni tó bá fẹ́ rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ id Software ló gbé e jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1993, WAD ni wọ́n sì ń pe àdìpọ̀ rẹ̀. Báìtì 12 àkọ́kọ́ ni orí rẹ̀. Mẹ́rin ìṣáájú jẹ́ lẹ́tà, IWAD tàbí PWAD, kí ètò lè mọ irú ohun tó ń kà. Mẹ́rin tó tẹ̀ lé e sọ iye nǹkan tó wà nínú àdìpọ̀. Mẹ́rin ìkẹyìn sọ ibi tí àtòjọ fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí ìparí oko ni ìwé náà sábà máa ń wà. Tí ẹ bá dé ìdí àtòjọ, báìtì 16 ni ti nǹkan kọ̀ọ̀kan: mẹ́rin fún ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin fún ìwọ̀n rẹ̀, mẹ́jọ fún orúkọ. Ìdí nìyẹn tí orúkọ kankan kò fi ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ níbẹ̀. DSPISTOL ni ìró ìbọn kékeré ń jẹ́, ó kún mẹ́jọ géérégé.

Yíyọ nǹkan jáde rọrùn. Irinṣẹ́ á ka orí, á lọ sí àtòjọ, á wo ibi tí DSPISTOL ti bẹ̀rẹ̀, á ka iye báìtì rẹ̀, á sì dà á kọ sínú fáìlì tuntun lóde. Nǹkan kan kò yí padà nínú àdìpọ̀. Ẹ lè yọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, kò ní bàjẹ́.

Rírọ́pò ni iṣẹ́ wà. Bí ohun tuntun bá wọn bákan náà pẹ̀lú ti àtijọ́, kò sí ìjà. Àwòrán ilẹ̀ inú Doom, irú èyí tí ènìyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, jẹ́ àmì àwọ̀ 64 lọ́nà 64, báìtì kan fún àmì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn báìtì 4,096 géérégé, ti tuntun náà yóò sì jẹ́ 4,096. Ẹ yọ ọ̀kan, ẹ fi èkejì síbẹ̀, ó parí. Bí ti tuntun bá kéré sí ti àtijọ́, a ó fi sí ibi kan náà, a ó yí ìwọ̀n padà nínú ìwé, ebè tó ṣẹ́ kù á sì wà lófìfo.

Ẹ wá jẹ́ kí a sọ pé mo fẹ́ mú ìró ìbọn yẹn kúrò, kí n fi ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí i, torí Kétu ni a wà. Báìtì 11,025 ni ìró Doom ń gbà fún ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ìró àtijọ́ bá jẹ́ ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, nǹkan bíi 5,500 ni. Ìlù tèmi jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ó lé ní 22,000. Báìtì bíi 16,500 kò ríbi dúró sí. Irinṣẹ́ tí kò gbọ́n yóò kàn bẹ̀rẹ̀ láti ebè àkọ́kọ́ ti ìbọn, yóò máa gbìn lọ, yóò kọjá ààlà, yóò sì gbin ìlù mi lé orí oko aládùúgbò. Bí ti aládùúgbò bá jẹ́ ìró mìíràn, ẹ ó gbọ́ ìlù níbi tí kò yẹ. Bí ó bá jẹ́ àwòrán tàbí ilé tí a ti ń jà, géèmù á ka ohun tí kò ní ìtumọ̀, á sì kú lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni irinṣẹ́ tó dára ń gbà. Ó lè gbé ìlù náà lọ sí ìparí oko, níbi tí àyè wà, kí ó wá yí ìlà DSPISTOL padà nínú ìwé: ibi ìbẹ̀rẹ̀ tuntun, ìwọ̀n tuntun. Èyí yá, ṣùgbọ́n ebè ìbọn àtijọ́ ti di igbó láàárín oko, kò sí ìwé tó dárúkọ rẹ̀ mọ́, ó sì ń gba àyè. Bí ènìyàn bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ogójì, àdìpọ̀ á wú bí ẹni tó jẹ àgbàdo tútù jù. Ọ̀nà kejì ni kí a tún oko pín látòkè délẹ̀: kí a to gbogbo nǹkan tẹ̀ léra wọn lákọ̀tun, kí a sì kọ ìwé tuntun. Ó pẹ́ díẹ̀, ó sì mọ́. Bí irinṣẹ́ yín bá ní bọ́tìnì tí wọ́n kọ rebuild sí, iṣẹ́ tí ó ń ṣe nìyẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti rọ́pò nǹkan tán.

Géèmù GTA San Andreas ti 2004 ń ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn, mo sì fẹ́ràn bó ṣe ṣe é. Àdìpọ̀ rẹ̀, gta3.img, fi lẹ́tà VER2 bẹ̀rẹ̀, iye nǹkan tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àtòjọ, báìtì 32 fún nǹkan kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kì í ka ebè ní oókan. Wọ́n pín oko yìí sí abala, báìtì 2,048 ni abala kọ̀ọ̀kan, ìbẹ̀rẹ̀ abala sì ni ohun gbogbo gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe àbá lásán, òun ni ìwọ̀n tí DVD ń kà lẹ́ẹ̀kan. Fáìlì báìtì 5,000 yóò gba abala mẹ́ta, tó jẹ́ 6,144, báìtì 1,144 á sì wà lófìfo lẹ́yìn rẹ̀. Òfìfo yẹn ṣàǹfààní. Bí ẹ bá fi fáìlì 6,000 rọ́pò ti 5,000, inú abala mẹ́ta kan náà ló wà, kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Àwọn àdìpọ̀ kan kò tilẹ̀ ní àṣírí. PK3, àdìpọ̀ géèmù Quake III, jẹ́ zip lásán tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, irinṣẹ́ 7-Zip á ṣí i fún yín. Ẹ wo lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ zip, PK ni ẹ ó rí, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Phil Katz tó dá a sílẹ̀ ní 1989. Nítorí náà ẹ má gba orúkọ ẹ̀yìn fáìlì gbọ́, ẹ wo báìtì mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀. Inú zip, a máa ń fún nǹkan pọ̀ bí ẹni ń ká agbádá sínú báàgì kékeré, nítorí náà ìwọ̀n méjì ló wà nínú ìwé, ti aṣọ tí a ká àti ti aṣọ tí a tú. Irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ yí méjèèjì padà.

MPQ, àdìpọ̀ ilé-iṣẹ́ géèmù Blizzard, le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àtòjọ rẹ̀ kò kọ orúkọ sílẹ̀, nọ́ńbà tí a fi ìṣirò yọ jáde láti inú orúkọ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ orúkọ lè ṣe ìṣirò náà kó sì rí fáìlì, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè ti ara nọ́ńbà mọ̀ ọ́n. Fún irú àdìpọ̀ tí ẹ kò mọ̀ rí, irinṣẹ́ QuickBMS tí Luigi Auriemma kọ ni mo máa ń mú. Ẹ ó fún un ní ìwé kékeré tó sọ bí àtòjọ géèmù yẹn ṣe rí, á sì tẹ̀ lé e. Ní ọ̀nà àkọ́kọ́ tó ń gbà dá fáìlì padà sínú àdìpọ̀, fáìlì tuntun kò gbọdọ̀ wọn ju ti àtijọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ibẹ̀.

Bí géèmù bá gbà á, mi ò ní dábàá pé kí ẹ fọwọ́ kan àdìpọ̀ gidi rárá. Mo ti sọ pé Doom ní IWAD àti PWAD. IWAD ni oko baba, PWAD ni oko kékeré tí ẹ dá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi DSPISTOL yín nìkan sínú PWAD, ẹ sọ fún géèmù kí ó ka òun náà, bí orúkọ méjì bá sì dọ́gba, ti ẹni tó dé kẹ́yìn ló ń mú. Oko baba wà bó ṣe wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ́ṣẹ́ lè gba Freedoom, irú Doom kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn láti lò àti láti yí padà, kó sì fi irinṣẹ́ SLADE ṣí àdìpọ̀ rẹ̀, freedoom1.wad. Géèmù tí a ń bá àwọn ẹlòmíràn ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ fi àdìpọ̀ ìyẹn sílẹ̀, wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ yín.

Àbúrò mi kò ní ẹ̀dà fáìlì àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ọ̀nà Àkàbà Ìdènà ní géèmù kan náà, ibẹ̀ ni a ti lọ da àdìpọ̀ ńlá náà kọ, mo sì ní kí ó fi ẹ̀dà kan pamọ́ kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan. A yọ aṣọ àtijọ́ jáde. 512 lọ́nà 256 ni. Ti tirẹ̀ jẹ́ 1,024 lọ́nà 512, ó ní òun fẹ́ kó mọ́ lójú. Ó rò pé ìlọ́po méjì ni, ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́rin ni: 131,072 ti di 524,288, irinṣẹ́ rẹ̀ sì ti gbìn ín gba orí aládùúgbò mélòó kan kọjá. A dín àwòrán náà kù sí ìwọ̀n ti àkọ́kọ́, orúkọ Guépards kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́, ó tún un kọ kó tóbi sí i. A fi í sípò, a ṣí géèmù. Aṣọ ìyeyè jáde sí pápá, ó sì pe ìyá rẹ̀ kí ó wá wò ó.